Báńdì Méjì Lọ́wọ́ Apínlẹ́tà

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi pín lẹ́tà nílùú yìí. Ní gbogbo ìgbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ka ìṣísẹ̀ mi. Ọ̀gá wa ni, ó sì ti kú. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ mi méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Àtẹ̀gùn ló fà á. Ìpele mẹ́rìnlá ni àtẹ̀gùn ilé mi ní. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ̀ dé ìkẹtàlá, mo rò pé mo ti délẹ̀. Mo délẹ̀ lóòótọ́, ìdí ni mo fi dé e. Egungun kankan ò kán. Àmọ́ aládùúgbò tó gbé mi dìde ti pe ọmọ mi obìnrin kí n tó sọ pé kó má pè é.

Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi obìnrin. Kò sunkún, kò pariwo. Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà tẹ orúnkún mi, ó gbọ́ àyà mi, ó ní àtẹ̀gùn kọ́ ló ṣe mí, àga ni. Láti ọdún méjì tí ìyàwó mi ti kú, ìjókòó mi ti pọ̀ jù. Ó ní kí n máa rin ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìṣísẹ̀ lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹsẹ̀ tí a ò bá fi rìn, ó ní, á gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ mi fi ọkọ̀ gbé mi délé. Ìdúró ló fi sọ ohun tó fẹ́ sọ.

"Oṣù kan ni mo fún yín, Bàbá. Bí ẹ bá ń rìn ín pé, ẹ dúró sínú ilé yín. Bí kò bá pé, ẹ ń bá mi lọ nìyẹn."

Mo ní mo gbà. Ẹni tó bá ti gbà ti gbà.

Ó ti palẹ̀ yàrá kan mọ́ fún mi nílé rẹ̀. Mo ti rí i. Ìsàlẹ̀ ló wà, kò ní àtẹ̀gùn, ó mọ́ tónítóní. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Fèrèsé tèmi wà lókè. Ojú ọ̀nà tó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló kọjú sí. Ibẹ̀ ni ìyàwó mi ti máa ń rí mi bọ̀ lọ́sàn-án. Bí mo bá ti yọ ní kọ́nà, á gbé omi tíì kaná. Bí mo bá fi máa gun ìpele kẹrìnlá, omi á ti hó. Kò ṣì í rí. Ibi fèrèsé yẹn ni mo máa ń jókòó sí. Òun ni mi ò fẹ́ fi sílẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ mi mú mi lọ ra báńdì ọwọ́ tó ń ka ìṣísẹ̀. Ilé ìfìwéránṣẹ́ wa àtijọ́ ni wọ́n ti ń tà á. Wọ́n ti sọ ibẹ̀ di ilé ìtajà fóònù. Káńtà tí a ti ń lu òǹtẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo wo ibi tí òǹtẹ̀ ti jẹ igi náà kòtò. Wọ́n ti fi gíláàsì bò ó, wọ́n to páálí fóònù lé e lórí. Ibẹ̀ ni mo dúró sí láràárọ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí mò ń to lẹ́tà bí ilé ṣe tò.

Ọmọ mi sọ fún ọmọbìnrin tó ń tajà pé kó má mú olówó gọbọi wá, pé bàbá òun kì í ṣe eléré ìje. Ó mú dúdú kan wá. Ọmọ mi dè é mọ́ mi lọ́wọ́ òsì, níbi tí aago máa ń wà. Ó fi fóònù mi so ó mọ́ tirẹ̀, kó lè máa rí iye tí mo rìn láti ilé rẹ̀. Mo sọ fún un pé nínú ilé yìí, ẹrù tí a bá dì báyìí, a ti fẹ́ fi ránṣẹ́ nìyẹn.

Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá. Mi ò tíì kọ àdírẹ́sì sí yín lára."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ oníṣẹ́ iná. Ó ń gbé níbi tó jìnnà. Nígbà tó gbọ́, ó ní ìràkurà ni àbúrò òun rà, pé òun mọ ọjà yẹn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, búlúù kan ti dé. Ọwọ́ òsì ti ní onílé, ó ku ọ̀tún. Mo dè é mọ́ ọ̀tún.

Ìṣẹ́jú-Kan ló kọ́kọ́ rí mi. Ọ̀rẹ́ mi ni, ó ń tún aago ṣe. Ìṣẹ́jú kan ló máa ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá gbé aago wá, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń lò. Ó ní mo jọ ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n já ẹ̀wọ̀n àárín rẹ̀.

Mo lo méjèèjì dáadáa. Òǹkà dúdú tóbi, mo lè kà á láìwo dígí ojú. Iná rẹ̀ máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá. Ó le lọ́wọ́, àpá rẹ̀ máa ń wà lára mi bí mo bá fẹ́ wẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń fún un ní iná kéré bíi pín-ìnì irun. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti wá a tì. Inú bàtà mi ni mo ti rí i nígbà kejì.

Búlúù rọ̀. Èèyàn á gbàgbé pé òun wọ̀ ọ́. Àmọ́ bí oòrùn bá ràn, kò sóhun téèyàn lè rí lójú rẹ̀, ọjọ́ kẹrin ni iná rẹ̀ sì máa ń tán. Ó ní ìwà kan. Bí mo bá ti jókòó pẹ́, á gbọ̀n lọ́wọ́ mi, bí ìgbà téèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ bo kòkòrò mọ́lẹ̀. Ìyàwó mi náà kì í jẹ́ kí n jókòó pẹ́. "Ṣé àga yìí lo wá fẹ́ ni?" Bó ṣe máa ń bi mí nìyẹn.

Àléébù búlúù tó burú jù ni pé ó ka ìpọ́n ọ̀bẹ mọ́ ìrìn. Orí àpótí ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà tí mò ń pọ́n ọ̀bẹ ilé ìdáná. Nígbà tí mo pọ́n ọn tán, ó ní mo ti rin irinwó ìṣísẹ̀. Mo ṣe àṣìṣe kan, mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin.

Torí ìjà ti dé. Lálaalẹ́, òun á wo dúdú lórí fóònù rẹ̀, èmi á ka búlúù fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Dúdú ní mo ń rin ẹgbẹ̀rún méjì, ó lé díẹ̀. Búlúù ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún méje. Ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà. Ọkùnrin ní dúdú ń sùn. Obìnrin ní búlúù ń pọ́nni lé, pé ẹni tó lè ka ọ̀bẹ mọ́ ẹsẹ̀ lè ka ohunkóhun. Wọ́n bá ara wọn fà á lórí fóònù, èmi wà láàárín, kò sẹ́ni tó bi mí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò sí níbí. Èmi ni mo máa gbé wọn bí wọ́n bá tún ṣubú."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbà fún un. Dúdú la máa fi ṣèdájọ́.

Èmi mọ èyí tó ń sọ òótọ́. Ojú ọ̀nà mi àtijọ́ ni mò ń rìn. Ojú ọ̀nà kẹrin ni wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo wọṣẹ́, òun náà ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀gá wa tẹ̀ lé mi. Ó di irin kékeré kan mọ́wọ́, bí mo bá gbé ẹsẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á dún kẹ́. Bí ilé iṣẹ́ ṣe ń mọ bí ojú ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àti irinwó, ó dín mẹ́wàá. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Búlúù fi bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé e. Mi ò bá a jà. Ẹsẹ̀ mi ti kúrú sí i. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta yẹn, ọjọ́ orí ló ni ín.

Mo lè sọ èyí fún ọmọ mi. Àmọ́ ọ̀gá tó kà á ti kú, ìwé tó kọ ọ́ sí, wọ́n ti fi dáná. Mo rò pé kí n tilẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́.

Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mejì. Mo gba iwájú ilé ayàwòrán kọjá, ẹni tí obìnrin kan ń kọ lẹ́tà sí lóṣooṣù fún ọdún mọ́kànlá, tí mi ò gbé èsì rẹ̀ rí. Mo gba ilé onílẹ̀kùn àwọ̀ ewé kọjá. Ìyá àgbà tó ń gbé ibẹ̀ ò mọ̀wé. Èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìròyìn kò bá dára, mo máa ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn náà ní funfun. Mo gba ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, níbi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ tí òkúta rẹ̀ sì ti yọ. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ró mọ́. Mo ṣì máa ń dúró díẹ̀ kí n tó sọ̀ ọ́.

Orúnkún mi wú. Dúdú ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù.

Ìṣẹ́jú-Kan rí mi tí mò ń kọjá nígbà kejì lọ́jọ́ náà. Iwájú ìsọ̀ rẹ̀ ló jókòó sí, ó fi awò kékeré tó fi ń wo inú aago sójú kan. Ó bi mí pé lẹ́tà ta ni mo gbàgbé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì yára, torí kò pọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gba báńdì méjèèjì, ó yí wọn wò, ó gbé wọn sétí bí ẹni pé wọ́n ń dún. Ó ní kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ó ní kí n dè wọ́n padà, kí n rìn dé ìdí òpó iná, kí n máa bọ̀.

Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Ó yọ awò lójú.

"Lẹ́tà," ó ní, orúkọ tó fún mi nìyẹn, "ọwọ́ òsì rẹ dà?"

Mo wò ó. Ó wà láyà mi. Ìgunpá ká, àtẹ́lẹwọ́ là sókè, àwọn ìka kó ara wọn jọ díẹ̀.

Ibẹ̀ ni lẹ́tà máa ń wà. Àpò á wà léjìká, ìdì ojú pópó kan á wà lọ́wọ́ òsì, a tẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà, ọwọ́ ọ̀tún á máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wa ò fàyè gba kí ọwọ́ yẹn sọ̀ kalẹ̀. Ó ní lẹ́tà ọmọ aráyé kò gbọdọ̀ kanlẹ̀. Bí òjò ń rọ̀, bí ajá ń lé wa, ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ mì. Jíjù tí ọwọ́ ń jù síwájú sẹ́yìn sì ni báńdì fi ń mọ̀ pé èèyàn ń rìn. Ìṣẹ́jú-Kan ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

"Ìwọ lo fẹ̀yìn tì," ó ní. "Wọn ò tíì sọ fún ọwọ́ rẹ."

Ó ní kí n jù ú bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Mo jù ú tó bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá. Nígbà tí mo dé ìdí òpó iná, ó ti padà sáyà mi. Ló bá bọ́ báńdì méjèèjì, ó pààrọ̀ wọn, dúdú sí ọ̀tún, búlúù sí òsì. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ lóòótọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kí n má sọ ọ́ síta, iṣẹ́ òun lè bàjẹ́.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún un. Ọdún kejìlá rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ó yẹ kí ọwọ́ ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì tí mo dá yúnífọ́ọ̀mù padà, ìyàwó mi ní ojú ọ̀nà tí mo ń torí rẹ̀ fi òun sílẹ̀ ní gbogbo ọdún yìí, òun fẹ́ rí i. A jọ rìn ín nírọ̀lẹ́. Nígbà tí a dé gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé, ó ki ọwọ́ bọ ìgunpá mi òsì, kò sì yọ ọ́ títí a fi délé. Ọdún mẹ́wàá la fi rìn ín bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà kúrò níbẹ̀, òun ló bọ́ síbẹ̀. Ibẹ̀ ò ṣófo rí.

Lọ́jọ́ kejì tí a pààrọ̀ báńdì, mo rin ojú ọ̀nà kẹrin lẹ́ẹ̀kan péré. Dúdú fò dé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ó lé ẹgbẹ̀rin. Búlúù ní ọ̀ọ́dúnrún. Mo kà á fún ọmọ mi ọkùnrin bó ṣe wà. Ó ní kí n pa á, kí n tún un tàn.

Àbúrò rẹ̀ pè lọ́jọ́ kẹta. Ó bi mí pé ta ló ń wọ báńdì òun. Mo ní èmi ni. Ó ní láti ẹgbẹ̀rún méjì, lójijì báyìí? Ó bi mí bóyá ajá aládùúgbò ni mo so ó mọ́ lọ́rùn. Mo ní rárá. Ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé, ọjọ́ tí oṣù pé, a ó jọ rìn ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ǹ bá ti ṣàlàyé. Àmọ́ bí mo bá ṣàlàyé ọwọ́, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ìyá rẹ̀. Mo ní kó máa bọ̀.

Ó dé láàárọ̀ Sátidé, ó wọ bàtà iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú báńdì méjèèjì lọ́wọ́ mi, ó sọ òǹkà wọn di òdo, ó rí i pé mo ti pààrọ̀ wọn, ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A jáde.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Òun ló ń béèrè. Mo fi ilé ayàwòrán hàn án. Ó ní kí ló dé tí kò fèsì. Mo ní iṣẹ́ mi ò dé inú àpòòwé. Mo fi ilẹ̀kùn funfun hàn án, mo ní àwọ̀ ewé ni. Ó ní òun rántí pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ìyá àgbà kan máa ń fún mi ní súìtì mú wálé. Mo ní òun ni. Ìṣẹ́jú-Kan wà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Ó dìde kí ọmọ mi, ó bi í bóyá òun ni ọ̀gá tuntun tí ilé iṣẹ́ rán wá. Ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ yìí ti pọ̀.

A dé ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé. Mo dúró díẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó wo òkúta tó yọ, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó ki ọwọ́ bọ ìgunpá mi òsì. Kò wá ibẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kàn bọ́ síbẹ̀.

A sọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tẹ́jú, kò yọ ọwọ́. Èmi náà ò sọ pé kó yọ ọ́.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, ó ní kí n na ọwọ́. Mo na ọ̀tún. Dúdú ní ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní kí n na òsì. Mi ò lè nà án, ọwọ́ tirẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tẹ orí ba, ó wò ó níbi tó wà. Òjìlérúgba. Ó tún un kà. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ìgunpá mi. 

"Ibí yìí ni Màmá máa ń dì mú."

"Ibẹ̀ ni."

"Ẹ ò sì sọ."

"O ò béèrè."

Ó ní nígbà tí àwọn wà ní kékeré, ojú fèrèsé òkè ni àwọn ti máa ń wò mí bọ̀, pé àwọn rò pé ọwọ́ yẹn ò lè nà. Ó ní Màmá ló sọ fún àwọn pé ó lè nà, pé ó ní ohun tó ń gbé ni. Ó nu ojú. Nọ́ọ̀sì ni, ó yára nù ún.

Ó gun àtẹ̀gùn ṣáájú mi, ó ń kà á sókè, ó kà á dé mẹ́rìnlá. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látibẹ̀. Ó ní kó wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wá fi iná sí àtẹ̀gùn yìí, kó sì kan irin ìdìmú mọ́ ògiri, pé Bàbá ò lọ síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ṣé òun ò sọ pé búlúù ló ń sọ òótọ́. Ó ní dúdú ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, mo lọ gbé omi tíì kaná.

Ọmọ mi obìnrin ti ń lọ aṣọ báyìí ní yàrá ìsàlẹ̀ tó palẹ̀ mọ́ fún mi.

Èèyàn méjì ti béèrè lọ́wọ́ mi pé nínú báńdì méjèèjì, èwo ni kí àwọn rà. Mo ní dúdú, bí ojú wọn ò bá ríran dáadáa mọ́. Mo ní búlúù, bí wọn ò bá ní ẹni tó máa lé wọn dìde.

Èmi ò bọ́ ọ̀kankan. Dúdú wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òun ló ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Búlúù wà ní òsì. Kì í ka nǹkan. Àmọ́ bí mo bá ti jókòó pẹ́ síbi fèrèsé, tí mò ń wo kọ́nà, á gbọ̀n.

Mo máa ń dìde.